Kíkọ́ Bí A Ti Ń Fi Rédíò Darí Hẹlikópítà Kékeré

Lámilámi a máa dúró lójú kan lókè omi. Apá rẹ̀ a máa gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní lè rí i mọ́, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò ní sún síwájú, kò sì ní sún sẹ́yìn. Ọmọ tí ó dàgbà sí Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ní ka èyí sí ìyanu, nítorí pé ohun tí ó ń rí lójoojúmọ́ ni. Ìgbà tí ènìyàn bá gbìyànjú láti fi irin, ike àti bátìrì ṣe irú rẹ̀ ni yóò tó mọ̀ pé ohun tí kòkòrò yẹn ń ṣe kì í ṣe ohun kékeré. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí ọmọ aráyé ti fi ń fò, hẹlikópítà ni ó fi ara jọ lámilámi jù lọ. Èyí tí ó kéré nínú wọn, tí a ń fi rédíò darí láti ilẹ̀, ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí níhìn-ín, àti ní pàtàkì bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ṣe lè kọ́ ọ láìṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí hẹlikópítà kékeré nínú páálí ní ọjà, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọn yóò pè é. Àṣìṣe ni. Èyí tí ó bá tóbi díẹ̀ nínú wọn ní gbogbo ẹ̀yà pàtàkì tí hẹlikópítà ńlá ní: abẹ̀bẹ̀ ńlá lórí, abẹ̀bẹ̀ kékeré ní ìrù, ẹ̀rọ tí ń yí wọn, àti àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ń tẹ ewé abẹ̀bẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí wọ́n ti ń yípo. Ohun tí kò ní ni awakọ̀ nínú. Ilẹ̀ ni awakọ̀ rẹ̀ dúró sí, tí ó gbé àpótí ìdarí lọ́wọ́, ìgbì rédíò ni ó sì ń gbé àṣẹ rẹ̀ lọ. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó jókòó sínú hẹlikópítà ńlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọkọ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ẹni tí ó dúró sílẹ̀ kò ní ohun mìíràn ju ojú rẹ̀ lọ, ojú a sì máa tan ni jẹ.

Kí ni ń gbé ẹ̀rọ yìí sókè? Apẹja tí ó fi ọ̀pá ti bèbè odò mọ̀ pé bí òun ti ń ti bèbè ni bèbè ń ti òun, nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò sún kúrò. Isaac Newton ti kọ òfin yìí sínú ìwé ní ọdún 1687, àwọn olùkọ́ físíìsì sì ń kọ́ ọ títí di òní. Abẹ̀bẹ̀ òkè ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti abẹ̀bẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ inú hẹlikópítà ti ń yí abẹ̀bẹ̀ òkè sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ara hẹlikópítà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yí sí òsì. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá a dúró, yóò máa pòòyì bí ewé tí ìjì gbé. Iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ ìrù nìyẹn: ó ń ti ìrù padà sí àyè rẹ̀. Àwọn kan wà tí kò ní abẹ̀bẹ̀ ìrù rárá, abẹ̀bẹ̀ méjì ni wọ́n tò léra wọn lórí, tí ọ̀kan ń yí sí ọ̀tún tí èkejì ń yí sí òsì, kí agbára méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́.

Láti inú èyí ni olùbẹ̀rẹ̀ yóò ti rí ìdí tí hẹlikópítà fi ṣòro ju bàálù kékeré lọ. Bàálù tí a bá ṣe dáadáa fẹ́ràn àtifò lọ tààrà. Bí awakọ̀ bá ju ọwọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sí nǹkan tí yóò ṣe é. Hẹlikópítà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá fi agbára kún abẹ̀bẹ̀ òkè kí ó lè gòkè, ìrù yóò fẹ́ yí. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú kí ó lè lọ, yóò pàdánù díẹ̀ nínú agbára tí ń gbé e sókè, yóò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kò sí ohun kan tí a ṣe sí i tí kò kan òmíràn. Nítorí náà àtiṣe àtúnṣe wẹ́wẹ́ láìsinmi ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìrànlọ́wọ́ kan wà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ní. Ọmọdé tí ó bá ta òkòtó mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí òkòtó bá ń yí kíkankíkan, yóò dúró ṣánṣán, bí ènìyàn bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án díẹ̀. Orí ìwà yìí ni wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní jáírò. Jáírò àtijọ́ ní kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ kan tí ń yí nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkòtó. Ti òde òní kò ju èékánná lọ, kò sì sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ìgbà tí ìrù bá fẹ́ yà kúrò lọ́nà, kí ó sì dá a padà kí awakọ̀ tó mọ̀ rárá. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà tí jáírò kò tí ì dára ni ó mọ bí ìyà ìrù ti rí.

Ìtàn fi hàn pé àwọn aṣáájú pàápàá kò fi ìkánjú kọ́ ọ. Igor Sikorsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó di ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ gbé hẹlikópítà VS-300 tí ó ṣe kúrò nílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, ní Stratford ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́, kí ó má baà gòkè jù tàbí kí ó dojú dé. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1940 ni wọ́n tó tú okùn náà kúrò. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ti ń ṣe bàálù láti ìgbà èwe rẹ̀. Síbẹ̀ oṣù mẹ́jọ ni ó fi wà lórí okùn. Ní Jámánì, láàrin ọdún 1968 sí 1970, Dieter Schlüter fi hàn pé hẹlikópítà kékeré lè gbọ́ràn sí rédíò lẹ́nu dáadáa, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbìyànjú tí wọn kò rí i ṣe.

Nílé níbí, ní ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan ní Bayero University ní Kánò, Mubarak Muhammad Abdullahi, ẹni ọdún 24, fi ògbólógbòó ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe hẹlikópítà ńlá tí ènìyàn lè jókòó sí. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ohun tí àwọn tí ó ń yìn ín kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ni pé kò tí ì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Àwọn kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà 7 láìdojúdé kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́, ibi tí ó sì yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ dúró sí fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Àpótí ìdarí ní ọ̀pá kékeré méjì, ọ̀kan fún àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan. Nínú ètò tí ó wọ́pọ̀ jù, bí a bá ti ọ̀pá òsì síwájú, ẹ̀rọ yóò gòkè. Bí a bá tì í sí ẹ̀gbẹ́, imú rẹ̀ yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ náà. Ọ̀pá ọ̀tún ni ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, sẹ́yìn, sí ọ̀tún àti sí òsì. Ètò mìíràn wà tí ó gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí láti ọwọ́ kan sí èkejì, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí tí olùkọ́ rẹ̀ ń lò kí ó tó ra ti ara rẹ̀. Òfin kan sì wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: àpótí ìdarí ni a ń kọ́kọ́ tàn, òun náà ni a ń pa gbẹ̀yìn. Hẹlikópítà tí a tàn nígbà tí àpótí rẹ̀ kò tí ì sí lórí ìmọ́lẹ̀ dà bí ajá ọdẹ tí a tú sílẹ̀ láìsí ọdẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà ni ó dára kí ìkọ́ni bẹ̀rẹ̀. Àwọn ètò wà tí ń ṣe àfarawé hẹlikópítà lójú kọ̀ǹpútà, tí a lè so àpótí ìdarí gidi mọ́. Níbẹ̀, ẹ̀rọ lè já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀ta lóòjọ́ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò ní sùúrù fún èyí. Wọ́n ka eré orí kọ̀ǹpútà sí ìfàkókòṣòfò nígbà tí ẹ̀rọ gidi wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn. Ẹni tí ó bá fo ibẹ̀, owó ẹ̀yà tí ó fọ́ ni yóò fi san án, ẹ̀yà náà kò sì sí ní ọjà Ore. Èkó tàbí òkè òkun ni yóò ti wá.

Nígbà tí ó bá kan ẹ̀rọ gidi, kí wọ́n fi ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́ méjì dábùú ara wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù kéékèèké sí ìkángun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n oparun tí a là tí a sì ha dáadáa yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ gbọọrọ yìí ni kò ní jẹ́ kí ó dojú dé bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan kanlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ìrù hẹlikópítà kọjú sí i, kí imú rẹ̀ sì kọjú síbi tí òun náà kọjú sí. Báyìí ni ọ̀tún ẹ̀rọ yóò fi jẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Kí ó fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí ara ẹ̀rọ yóò fi fúyẹ́ lórí ilẹ̀, kí ó má tí ì gbéra. Ní ipò yẹn yóò máa yọ̀ síhìn-ín yọ̀ sọ́hùn-ún lórí iyanrìn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa kọ́ bí òun ṣe lè mú un dúró. Kò dùn ún wò, kò sì ní orúkọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni àtàǹpàkò ti ń gbọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé e sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, kí ó sì dá a padà. Ohun kan wà níhìn-ín tí ń dààmú gbogbo olùbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù a máa mú wọn fẹ́ kí ẹ̀rọ sún mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, bẹ́ẹ̀ nítòsí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sísàlẹ̀ ti ń ta padà lù ú, tí ó sì ń gbò ó yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Bí ó bá ga tó ìgbáròkó ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ yóò balẹ̀ jù. Nítorí náà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ọwọ́ bá ti dá lójú, kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboyà láti gbé e kúrò nínú ìgbì afẹ́fẹ́ ti ara rẹ̀.

Ìpele tí ó kàn ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Bí hẹlikópítà bá yí imú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ awakọ̀, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Àwọn olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú kíláàsì, tí ó ní kí àwọn ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún sókè, yóò rí i pé ọwọ́ wọn ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ òsì òun. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí ó gbọ́n a tilẹ̀ máa na òsì tirẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń pe ọ̀tún, kí àwọn ọmọ má baà ṣì í. Olùbẹ̀rẹ̀ hẹlikópítà wà ní ipò olùkọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò ní àyè láti ronú. Kí ó tó rò ó tán, ẹ̀rọ ti wà nínú igbó. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó kọ́kọ́ mú un dúró ní ìdagun díẹ̀, kí ó tó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn, kí ó ṣe é ní ọ̀tún, kí ó ṣe é ní òsì, kí ó tó dé orí ìkọjúsíra-ẹni.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó rọrùn fún àwọn ará oko láti rántí. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó so bá fẹ́ wó, ẹ̀gbẹ́ tí ó ń wó sí ni àgbẹ̀ ń fi igi tì í. Nígbà tí imú hẹlikópítà bá kọjú sí awakọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ó bá rí i tí ó ń rẹlẹ̀ sí ni kí ó ti ọ̀pá ìdarí sí, bí ẹni pé ó ń fi igi tì í kí ó má wó. Ọwọ́ tí ó bá gba èyí sára kò ní máa ṣírò ọ̀tún àti òsì mọ́.

Ewu inú iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tí ìbú rẹ̀ láti orí dé orí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70, tí ó ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, orí ewé rẹ̀ ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ akérò kankan ní òpópónà Ṣàgámù sí Benin, èyí tí ó gba Ore kọjá, tí ó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí awakọ̀ rẹ̀ ya wèrè tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní Brooklyn ní New York, abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà kékeré pa ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 19 kan tí ó ń darí rẹ̀. Olùbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an ni. Nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà sí ẹ̀rọ, kí àwọn tí ń wòran wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má sì gbé e kọjá lórí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti dájú pé yóò ṣubú, kí ó pa agbára rẹ̀ kí ó tó kanlẹ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó ń lò náà lè gbiná bí wọ́n bá gba iná sí i ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí bí ó bá ti wú. Kí wọ́n máa gba iná sí i lórí sìmẹ́ǹtì tàbí bíríkì, kì í ṣe lórí ẹní, kí ènìyàn sì wà nítòsí títí yóò fi kún.

Ajue ní àǹfààní àti ìṣòro tirẹ̀. Igbó àti oko kòkó ni ó yí agbègbè náà ká, pápá gbalasa kò pọ̀. Pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí kò bá sí ọmọ níbẹ̀, ni ó sàn jù. Ọ̀sán gangan kò dára, nítorí pé oòrùn a máa ru afẹ́fẹ́ sókè láti ilẹ̀, ọyẹ́ a sì máa kó eruku sínú ẹ̀rọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni afẹ́fẹ́ máa ń parọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, àjọ NCAA, tí ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ẹ̀rọ tí a ń darí láti ilẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ náà àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun fi òfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí ogun wà. Kí ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún èyí wádìí ohun tí òfin béèrè kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Bí ìwé ìyọ̀ǹda bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́, kò tó. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó ilẹ̀ Oǹdó di ibi ìfòyà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 sì ń ṣọ́ ọ. Ogun abẹ́lé pàápàá dé Ore ní oṣù kẹjọ ọdún 1967. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àgbàlagbà kan kò bá fẹ́ràn ohun tí ń kùn lókè orí rẹ̀. Kí baálẹ̀, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ṣáájú kí abẹ̀bẹ̀ tó yí.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ó lè ṣe àgbẹ̀ láǹfààní. Ní Japan, ilé iṣẹ́ Yamaha ti gbé hẹlikópítà tí ń fín oògùn sí oko ìrẹsì jáde láti ọdún 1987. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kò ga, ojú sánmà ni ó kọjú sí. Ara igi ni èso kòkó ń so mọ́, lábẹ́ ewé, ibẹ̀ sì ni àrùn tí ń sọ èso náà di dúdú ti ń mú un. Oògùn tí a dà láti òkè, ewé ni yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ Ajue kò tí ì lè ju ẹ̀rọ ìfínkòkó tí ó ń pọ̀n sẹ́yìn nù.

Bátìrì kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ lọ. Bátìrì mẹ́ta láàárọ̀ jẹ́ ogún ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé, ó sì tó fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú àti àtàǹpàkò a máa rẹ̀ kí ọkàn tó gbà pé ó rẹ òun. Nígbà tí agbára bá ń tán, kí ó rọra sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, kí ó pa agbára rẹ̀, kí ó dúró sí àyè rẹ̀ títí abẹ̀bẹ̀ òkè yóò fi dúró pátápátá, kí ó tó rìn lọ síbẹ̀ lọ yọ bátìrì náà.